Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ́ páswọ́ọ̀dù ara wọn

Ẹ̀gbọ́n tó ń béèrè bóun ṣe lè kọ́ àwọn ọmọ poli ní ààbò Wi-Fi nígbà tílé ìwé ò fún un ní kọ́bọ̀, ó ṣeé ṣe o, ẹ má ṣáà fi slide bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ témi ti ń kọ́ nǹkan yìí, tẹ́ ẹ bá dúró tì bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ń ka WPA2, ètò ààbò tó ń ṣọ́ Wi-Fi, fún wọn, fóònù ni wọ́n á máa tẹ̀.

Ráútà àlòkù kan ti tó, láptọ́ọ̀pù tó ń lo Linux, àti káàdì Wi-Fi USB. Káàdì yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Ẹni tó ń tà á á ní "ó ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá mi", òótọ́ ló sì sọ, ó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n monitor mode tẹ́ ẹ fẹ́ lò, tó ń jẹ́ kí káàdì gbọ́ gbogbo ohun tí Wi-Fi àyíká ń sọ, ńkọ́? TL-WN722N version 1, chip AR9271 ló wà nínú ẹ̀, kò ní yọ yín lẹ́nu, version 2 jọ ọ́ bí ìbejì àmọ́ Realtek ló wà nínú tiẹ̀, dráífà, ètò tó ń jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù lè lo káàdì, lẹ ó kàn máa bá jà. Ẹ ki káàdì bọ láptọ́ọ̀pù níbẹ̀, ẹ tẹ lsusb, á to ohun tó wà lójú USB sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti rí 0cf3:9271, nọ́ńbà AR9271 nìyẹn, ẹ sanwó.

Tówó ìyẹn náà ò bá sí, ẹ tẹ modprobe mac80211_hwsim radios=3, Linux á ṣẹ̀dá rédíò Wi-Fi 3 sínú ara ẹ̀, ọ̀kan á ṣe ráútà pẹ̀lú hostapd, ètò tó ń sọ rédíò di ráútà, ìkejì á wọlé sórí ẹ̀, ìkẹta á máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọn ì báà múná lọ, tí bátìrì bá ṣáà ti wà.

Iṣẹ́ témi máa ń fún wọn rèé: kí kálukú fọwọ́ ara ẹ̀ yan páswọ́ọ̀dù tó dá a lójú. Ẹnìkejì ẹ̀ á fi airodump-ng dẹtí, á fi aireplay-ng já fóònù kúrò lórí ráútà, bí fóònù bá ṣe ń padà wọlé báyìí lọwọ́ ẹ̀ á ba handshake, ọ̀rọ̀ tí fóònù àti ráútà fi ń dá ara wọn mọ̀, ó wá di aircrack-ng, tó ń dán páswọ́ọ̀dù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, àti rockyou.txt, lísìtì páswọ́ọ̀dù táwọn èèyàn ti lò rí. Ọmọ tó lo "blessing", ká tó wí ká tó fọ̀ tiẹ̀ ti jáde, kíláàsì á sì pariwo. Ìgbà yẹn ni wọ́n á fẹnu ara wọn bèèrè kí ló dé tí tàwọn kan ò jáde, ẹ wá ṣàlàyé pé WPA2 ń po páswọ́ọ̀dù mọ́ orúkọ Wi-Fi, ó sì ń lọ̀ ọ́ nígbà 4,096, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wíwá a falẹ̀, àmọ́ kò lè gba ẹni tí tiẹ̀ ti wà nínú lísìtì là.

Ẹ kọ BSSID ráútà yín, nọ́ńbà tá a fi ń dá a mọ̀, gàdàgbà sórí bọ́ọ̀dù, ẹni tó bá fi ti ráútà ẹlòmíràn sí i kó jáde, torí òfin Cybercrimes ti 2015 ní Nàìjíríà ò mọ̀ pé iṣẹ́ kíláàsì ni.

WEP, ètò ààbò àtijọ́ yẹn ńkọ́? Ẹ fò ó jàre. Ẹ kúkú fàkókò yẹn gbé hostapd sórí WPA3, èyí tó rọ́pò WPA2, kí wọ́n tún já fóònù tó mọ WPA3 wò, kò ní já mọ́, dandan ni ìlànà ààbò 802.11w níbẹ̀, fóònù ò sì ní gba àṣẹ "jáde" tí ráútà ò fọwọ́ sí.