Ẹ Bi Bàbá Pẹ́ńtà: Ṣé lóòótọ́ ni mọ́tò olówó pọ́ọ́kú wà rí?

Bàbá Pẹ́ńtà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wo fídíò kan tí àwọn àgbà ará Amẹ́ríkà ti ń ṣàárò mọ́tò ìgbà èwe wọn, àwọn mọ́tò oníbọ́ǹẹ́ẹ̀tì gígùn tó ń bú ramúramù. Wọ́n ní ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ làwọn wà táwọn ti ra tiwọn, táwọn sì ń fọwọ́ ara àwọn tún un ṣe. Mo fi han bàbá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà làwọn ṣe ra Ìjàpá, mọ́tò Volkswagen kékeré yẹn, nígbà táwọn jẹ́ akọ̀wé kékeré. Èmi tí mo jáde yunifásítì, kẹ̀kẹ́ Márúwá gan-an ọwọ́ mi ò tíì tó o. Àbí ẹ̀yin àgbà kàn ń tàn wá ni?
Ọmọ Ọbáńtokò

Ọmọ mi, bàbá rẹ ò purọ́. Wọn ò kàn sọ ọ́ tán ni.

Jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kẹrin 1964 ni Ford gbé Mustang jáde, dọ́là 2,368 sì ni iye tó kéré jù tí wọ́n dá lé e. Ọgbọ́n tí wọ́n fi mú owó rẹ̀ wálẹ̀ ni pé abẹ́ Falcon, mọ́tò ìdílé tí wọ́n ti ń tà tẹ́lẹ̀, ni wọ́n lò, wọ́n wá fi ara tuntun wọ̀ ọ́. Wọ́n tẹ́ ìwé síwájú oníbàárà: ẹ́ńjìnnì wo lo fẹ́? Gíà wo? Àwọ̀ wo? Lọ́dún yẹn kan náà, òfin wà ní General Motors pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ki ẹ́ńjìnnì ńlá sínú mọ́tò alábọ́dé. Àwọn ẹnjiníà Pontiac, ẹ̀ka kan ní General Motors, tí John DeLorean wà lára wọn, bá gba ẹ̀yìn yọ: wọ́n ní àfikún tí oníbàárà fẹnu ara rẹ̀ bèèrè ni. Bí ẹ́ńjìnnì tó ju lítà mẹ́fà lọ ṣe wọnú Tempest, mọ́tò alábọ́dé wọn, nìyẹn, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní GTO. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá 1200, kó o to márùn-ún jọ, kò tíì tó o.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni Plymouth Road Runner ti 1968. Wọn ò fi kápẹ́ẹ̀tì sí i, kí gbogbo owó lè wọnú ẹ́ńjìnnì, kí iye rẹ̀ má sì wọ 3,000 dọ́là. Síbẹ̀ wọ́n san 50,000 dọ́là fún àwọn tó ni ẹyẹ kan nínú àwòrán ẹ̀fẹ̀, kí wọ́n lè lo orúkọ àti àwòrán rẹ̀, wọ́n sì wá fèrè tó ń ké bí ẹyẹ náà sí i. Ibi fèrè yẹn ni mo ti gbà pé ọmọ ìyá kan náà ni àwa àti wọn. Ẹni tó bá gbé Lafẹ́nwá nígbà yẹn á rántí fèrè olóhùn mẹ́ta tí àwọn ọ̀dọ́ ń lọ rà l'Ékòó, tí rìwáyà á so mọ́ bátìrì, tí àwọn àgbà á sì máa gbé ẹni tó fọn ọ́n ṣépè.

Ó yá, tiwa. 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen l'Ékòó àti ti Peugeot ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò nílẹ̀ wa. Ọdún yẹn náà ni owó Udoji, àfikún owó oṣù, dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, àti àjẹsílẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kejì 1976, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, Abẹ́òkúta di olú-ìlú, àwọn akọ̀wé tó wà n'Íbàdàn sì ń kó ẹrù bọ̀ wálé. Náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ìjọba ń yá òṣìṣẹ́ lówó mọ́tò, wọ́n á máa yọ ọ́ nínú owó oṣù díẹ̀díẹ̀. Ohun tí bàbá rẹ fò nìyẹn. Bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n san gbèsè yẹn tán.

Ẹlòmíì tí wọ́n sì tún fò ni èmi. Èmi tí mo ń kun Ìjàpá wọn, kẹ̀kẹ́ Raleigh ni mò ń gùn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àgbẹ̀ tó ń ti Ọ̀dẹ̀dá wá kò ra mọ́tò. Ìyá tó ń ta gàrí ní Kútọ̀ kò rà á. Tí wọ́n bá ní mọ́tò pọ́ọ́kú láyé ọjọ́un, bèèrè pé lọ́wọ́ ta ni.

Ohun tó pọ́ọ́kú lóòótọ́ ni ọ̀ṣọ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àárò ti ń ṣe èmi náà. Oníbàárà á dé láàárọ̀ Sátidé, á ní, "Ọ̀gá, ẹ fún mi ní àwọ̀ méjì." Òkè rẹ̀ á funfun bíi wàrà, ìsàlẹ̀ á jẹ́ búlúù. A ó fi téèpù pín in láàárín, ọwọ́ ò sì gbọdọ̀ gbọ̀n níbi ìlà yẹn. Tó bá kúrò lọ́dọ̀ mi, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rán àga. Lẹ́yìn náà ló kan orí gíà tí òdòdó wà nínú rẹ̀, kọ́tìnnì kékeré sójú gíláàsì ẹ̀yìn, iná méjì sórí bọ́ńpà. Oṣù yìí, ohun kan; oṣù tó ń bọ̀, òmíràn. Ọ̀gbẹ́ni kan ní dandan, àdìrẹ Ìtòkù lòun fẹ́ fi bo àga. Ránṣọránṣọ bẹ̀ ẹ́ pé aró tútù á ṣí, kò gbọ́. Ọjọ́ ìsìnmi tó kọ́kọ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, agbádá funfun ló wọ̀. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ tó kẹ́yìn sí wa, kò sẹ́ni tó lè kọrin ìwọlé mọ́.

Kí ló wá parí rẹ̀? L'Ámẹ́ríkà, àwọn adójútòfò bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó gọbọi lọ́wọ́ ọ̀dọ́ tó ní irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ jáde ní 1970, wọ́n ń dín agbára ẹ́ńjìnnì kù láti 1971, ìgbà tó sì di oṣù Kẹwàá 1973, àwọn Lárúbáwá ti epo mọ́ wọn. Tiwa yàtọ̀. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, ló gbé e lọ, 1986. Náírà já, ọ̀dà àti tínà tí a fi ń là á, tó ń ti òkè òkun wá, di góòlù. Ẹni tó ń kun gbogbo mọ́tò rẹ̀ lọ́dọọdún wá ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun kun fíńdà kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn ni tòkunbọ̀ wọlé, pẹ̀lú àwọ̀ tó bá bá a dé.

Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Ìjàpá bú ọ pé ọ̀lẹ ni ọ́.

Bàbá Pẹ́ńtà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Peugeot 504 tí olóògbé ọkọ mi fi sílẹ̀ ti di ilé adìyẹ nínú ọgbà wa. Àwọn ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ gbé e dìde, wọ́n fẹ́ kùn ún ní dúdú tí kò dán, kí wọ́n sì fi táyà ńlá sí i. Ṣé kí n gbà fún wọn?
Ìyá Ìbejì, Ìta-Ẹ̀kọ́

Màmá, ẹ kú àtìgbà, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere. Ẹ gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n ìwé ló kọ́kọ́ kàn. Bí orúkọ olóògbé bá ṣì wà lórí ìwé mọ́tò náà, kí wọ́n lọ yí i padà kí ẹnikẹ́ni tó ná kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yọ àga, kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n wo ilẹ̀ mọ́tò. Ìgbẹ́ adìyẹ àti omi òjò kì í fi irin sílẹ̀. Kí wọ́n fi ìdí sukuduráfà kan abẹ́ ilẹ̀kùn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó bá dún gbọ̀ǹgbọ̀n, irin ṣì wà ńbẹ̀. Ibi tó bá dún pọ̀ọ́pọ̀ọ́, ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Kí wẹ́dà gé e kúrò, kó jó irin tuntun mọ́ ọn. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà tó bá ní kí wọ́n fi bọ́dì-fílà, àtè tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò, dí i, ẹ dá a padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Láàárín ọdún kan, ìpẹtà á ti ta yọ lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kùn ún lásìkò òjò. Bí tínà bá ń gbẹ kíákíá, ó ń mú irin tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á sì bà lé ọ̀dà tútù, ojú rẹ̀ á ṣe fúnfun. Ọyẹ́ dára jù, ṣùgbọ́n eruku ni ìyà rẹ̀. Ohun tí à ń ṣe ní Lafẹ́nwá ni pé a ó ti bu omi wọ́n ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láti ìdájí, kí ọjà tó kún, ká tó tan kọ̀mpírẹ́sọ̀.

Táyà ńlá, rárá. Á máa ha fíńdà bí wọ́n bá ti yí sítíà. Dúdú tí kò dán, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀: gbogbo ọwọ́ tó bá kàn án ló ń hàn, ẹ ò sì lè fi kọ́ńpáùǹdì fọ̀ ọ́. Àmọ́ ọmọ ló ni ìgbà yìí, Màmá. Àwọ̀ ṣeé tún kùn.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rẹ́ mi ní Ìjàpá kì í lo omi. Ṣé òótọ́ ni?
Akẹ́kọ̀ọ́, Asérò

Òótọ́ ni. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò ní rédíétọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń gun Òkè-Ìjẹmọ̀ nígbà tí àwọn mọ́tò ńlá ti gbóná tí wọ́n dúró sẹ́bàá ọ̀nà. Omi kan ṣoṣo tí a máa ń bu sínú rẹ̀ ni ti fífọ gíláàsì iwájú, afẹ́fẹ́ inú sípíà táyà ló sì ń tì í jáde. Tí awakọ̀ bá fọ gíláàsì léraléra tí kò sì fún táyà náà ní afẹ́fẹ́, ọjọ́ tí táyà bá jò lójú ọ̀nà Ṣàgámù ló máa tó mọ̀ pé sípíà òun ti rọ̀.