Ṣé kí n ra sólà báyìí, àbí kí n dúró kí owó rẹ̀ tún wálẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Omi tútù àti ẹlẹ́rìndòdò ni mò ń tà ní Mọ́níyà, n'Íbàdàn. Fírísà kan ni mo ní, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè mi tán. Ọmọ mi ní kí n ní sùúrù, pé owó sólà ṣì ń bọ̀ wá wálẹ̀. Ẹlòmíràn ní àfi kí n kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ẹ má dúró. Ti ìwé àṣẹ kọ́ rárá: òfin iná mànàmáná ti 2023 ò béèrè láísẹ́ńsì lọ́wọ́ ẹni tí iná tó ń pèsè ò bá ju mẹ́gáwáàtì 1 (mílíọ̀nù kan wáàtì) lọ, tiyín ò sì ní tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yín, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wíwálẹ̀ yẹn ti kọjá. Ní ọdún 2000, Jámánì ṣòfin pé ẹni tó bá gbé sólà sórí òrùlé rẹ̀, wọ́n á máa ra iná rẹ̀ ní iye kan pàtó fún 20 ọdún. Àgbẹ̀ àti onílé tú jáde lọ rà á. Ọjà yẹn wà lára ohun tó mú kí àwọn ará Ṣáínà kọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá, nígbà tó sì fi máa di 2020, owó páànẹ́lì (awo tó ń sọ oòrùn di iná) ti já ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá láàárín ọdún mẹ́wàá. Ìwọ̀nba tó bá tún kù láti dín, ọjọ́ kan tí náírà bá ṣubú níwájú dọ́là ti tó láti gbé e padà sókè.

Epo ńkọ́? Ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Epo tí kò tó náírà 200 ní lítà nígbà náà ti di 617 ní oṣù Keje. Òfin ìlú ẹlòmíràn ló dín owó páànẹ́lì kù fún yín. Ìpinnu tiwa ló gbé epo lọ sókè. Kò sí oṣù tí ẹ máa fi dúró tí ẹ ò ní ra epo.

Ibi tí owó yín máa lọ jù ni bátìrì, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Yìnyín fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bátìrì. Bó bá di aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ yí bọ́tìnì fírísà sókè pátápátá, kí oòrùn fi dì í. Bó bá di aago márùn-ún, ẹ yí i sílẹ̀, ẹ fi aṣọ nípọn bo orí rẹ̀ (ẹ má bo ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ o, ibẹ̀ ló ń gbà mí), ẹ má sì máa ṣí i ṣáá. Bátìrì kékeré á gbé yín dé òwúrọ̀. Bí agbára bá ká a, ẹ ra bátìrì lithium. Bó bá jẹ́ bátìrì olómi lẹ rà, tó bá kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún àwọn tó ń fọ́ ọ lẹ́yìnkùlé: òjé inú rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí oògùn tó ń dá a padà.

Páànẹ́lì méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 400 wáàtì, tó fírísà kékeré. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e síbi tí òjìji igi máa kàn án. Nígbà ọyẹ́, mo fi aṣọ tútù nu ti oníbàárà mi kan láàárọ̀. Eruku mú kí aṣọ náà pọ́n bí ilẹ̀, iná tó ń wọ bátìrì sì fò sókè lójú wa. Lásìkò òjò, oòrùn á máa kéré, nítorí náà ẹ má tíì ta jẹnẹrétọ̀.

Fírísà máa ń fa iná ní ìlọ́po púpọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ínfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú èyí tí fírísà ń lò) kékeré fi máa ń jó. Ẹ wo bébà ẹ̀yìn fírísà yín, ẹ ya fọ́tò ibi tí wọ́n kọ W (wáàtì) sí, ẹ fi han oníná kó tó dárúkọ iye kankan fún yín.