Ìgò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ láti Ṣábẹ̀ẹ́. O ní ìyá ọkọ rẹ gba ṣimió, oògùn líle tí wọ́n ń fà sí ara láti pa jẹjẹrẹ, ẹ̀ẹ̀kan péré fún jẹjẹrẹ ọmú, wọn ò fẹ́ padà sí Kùtọnu mọ́ nítorí kòrónà tó tún gbérí, ẹnìkan sì ti gbé àgbo ewé kọrọsọ́ọ̀lù (igi eléso tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní soursop) wá pé òun nìkan tó. O wá ń béèrè bóyá kí ẹ fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ ná títí àrùn náà á fi rọlẹ̀. Kí n má fọ̀rọ̀ falẹ̀: ẹ má fi í sílẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà o, aránṣọ ni mí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ fẹ́ tọ̀ yẹn la tọ̀ lọ́dún 2020, díẹ̀ báyìí ló kù kí a pàdánù ìyá wa.

Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí nilé wa. Gàrí ni ìyá mi ń tà. Ó tó ọdún kan tí wọ́n ti mọ̀ pé kókó wà lọ́mú òsì, wọ́n ń fi òrí pa á, wọn ò sọ fẹ́nì kankan. Àbúrò mi obìnrin ló ń bá wọn fọ ẹ̀yìn lọ́jọ́ kan tó rí i pé ara ibẹ̀ ti sún kì bí èèpo ọsàn. La bá sáré. Ní oṣù kẹta wọ́n gba ṣimió àkọ́kọ́ ní Kùtọnu, ọjọ́ 21 síra ni wọ́n ní kó máa bọ́ sí. Oògùn náà pupa bíi bísáàpù, ìyẹn sóbò. Nígbà tí a délé tí wọ́n tọ̀, tí ìtọ̀ náà pupa, igbe tí wọ́n fi bọnu jí gbogbo agboolé. Wọ́n ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó gbọ́ ọ ò rántí sọ ọ́ fún wa.

Ọjọ́ 16 oṣù kẹta yẹn náà ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tí kòrónà mú ní Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 30, ìjọba ti pa ààlà yí Kùtọnu, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti àwọn ìlú ìtòsí wọn ká. Ẹni tó wà lóde ò gbọdọ̀ wọlé, ẹni tó wà nínú ò gbọdọ̀ jáde. Kétu wà lóde, ṣimió wà nínú. Ká ní a fẹ́ gba Ìlárá sọdá wá oògùn lọ sí Nàìjíríà ńkọ́? Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni wọ́n ti ti bodè yẹn. Ẹnìkan ní ká gba ọ̀nà fàyàwọ́, ká gbé wọn sórí ọ̀kadà. Mo wò ó títí, mi ò lè fèsì.

Ibi tí a wà nìyẹn tí àgbo fi dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbé e wá: ewé kọrọsọ́ọ̀lù, dóńgóyárò, àti èèpo igi kan tí wọn ò dárúkọ rẹ̀ fún wa. Wọ́n ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Oṣù kẹrin yẹn náà ni Ààrẹ Madagásíkà ìgbà náà, Andry Rajoelina, gbé ìgò oògùn ewé atemísíà tiẹ̀ jáde pé ó ń wo kòrónà, ni Wasáàpù bá kún: ewé tó ń wo kòrónà, ṣé jẹjẹrẹ ló máa le fún un? Mi ò ní bá ẹ rẹ́rìn-ín ẹni tó gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Èmi gan-an ni mò ń bu àgbo yẹn fún wọn, ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́.

Ìwé tí dókítà kọ ni a mú lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Pobẹ̀ kí wọ́n tó fún wa láṣẹ àtikọjá. Ṣimió kejì ti pẹ́ ju ọjọ́ rẹ̀ lọ nígbà tí a débẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ní ẹ̀dọ̀ ń ṣe wàhálà, oògùn ò lè wọlé lọ́jọ́ yẹn. Dókítà béèrè pé, “Màmá, kí lẹ ń mu nílé?” Ìyá mi ní àwọn ò mu nǹkan kan. Ó wo èmi náà lójú. Mo ní wọn ò mu nǹkan kan.

A padà sílé lọ́wọ́ òfo, ọ̀nà tó ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo bẹ̀rẹ̀, mo fa ìgò náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìgò òróró ni, wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé e, ó ti dín sí ìlàjì, ìfófòó funfun wà lórí rẹ̀. Mo gbé e sínú àpò. Nígbà tí a tún padà lọ, orí tábìlì dókítà ni mo gbé e lé. Ọkùnrin náà ò jágbe mọ́ wa. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún dé e. Ó ní ẹ̀dọ̀ tó ń fọ ṣimió kúrò lára náà ló ń fọ àgbo, ẹrù méjì la dì ru ẹnì kan ṣoṣo. A dá àgbo dúró, ẹ̀dọ̀ rọlẹ̀, wọ́n fún wọn ní ṣimió kejì. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti lọ sí i, kókó náà kò sì dúró dè wá.

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n wá wáyé lẹ́yìn ṣimió ẹlẹ́ẹ̀kẹta, nígbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà. Ọjọ́ kẹsàn-án ni, ibà dé. Tẹ́mómítà tí mo tì bọ abíyá wọn ka 38,6. Gbogbo wa ló gbà pé kòrónà ni, ẹ̀rù sì ń bà wá pé bí a bá gbé wọn jáde, wọ́n á wá kó gbogbo ilé lọ. La bá se ewé, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n lórí ìkòkò, òógùn ń dà, a ní ara á fúyẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn ò lè dìde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún: “Àǹtí, ẹni tó ń gba ṣimió kì í sun ibà mọ́jú sílé!” Ilé ìwòsàn tó wà nítòsí la gbé wọn lọ. Kòrónà kọ́. Àwọn ọmọ ogun funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni ṣimió ti pa, kòkòrò sì ríbi wọlé. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi fa oògùn apakòkòrò sí wọn lára. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé ká ní a pẹ́ di alẹ́ ọjọ́ yẹn ni, kò sóhun tí àwọn ì bá lè ṣe.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa rà ni tẹ́mómítà, ṣáájú ewé èyíkéyìí. Tó bá ti pé 38, ẹ má fún wọn ní parasitamọ́ọ̀lù kí ẹ máa wò ó, ilé ìwòsàn ni, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru, kí ẹ sì tètè sọ lẹ́nu ọ̀nà pé ṣimió ni wọ́n ń gbà. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn oògùn ló léwu jù. Ẹ máa dá àlejò dúró síta lásìkò yẹn. Tiwa bínú, wọ́n ní a ti sọ ìyá di ọba Aláàfin. Kí wọ́n máa bínú lọ.

Ní ti kọrọsọ́ọ̀lù: lóòótọ́, ó ti pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò. Inú àwo kọ́ ni ìyá ọkọ rẹ wà. Ní Guadeloupe, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ tí wọ́n sì ń mu ewé rẹ̀ dáadáa, àwọn dókítà ṣàkíyèsí àìsàn kan tó ń sọ ara di líle tó sì ń mú kéèyàn máa ṣubú, èso yìí ni wọ́n sì fura sí. Mi ò sọ pé ewé ò lágbára. Òdòdó pínkì kékeré tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n mọ̀ sí òdòdó Madagásíkà, inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí vincristine, oògùn jẹjẹrẹ gidi. Bí o bá já ewé kan náà sè mu, májèlé ni. Ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, kò sì séèyàn tó lè wọn ohun tó wà nínú ìgò òróró.

Ohun tí dókítà fọwọ́ sí fún wa ni atalẹ̀ díẹ̀ nínú omi gbígbóná nígbà tí èébì bá ń gbé wọn, ẹ̀kọ mímu, àti ewúro nínú ọbẹ̀ bí a ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe omi rẹ̀ ní ife ife. Bí ẹ̀gbọ́n ilé bá fàáké kọ́rí pé àfi àgbo, ẹ má bá a jà, ẹ gbé ìgò náà lọ fún dókítà. Ìyá mi gba abẹ́rẹ́ kòrónà náà lọ́dún 2021. Dókítà ló yan ọjọ́ tí kò ní bọ́ sí àsìkò ṣimió.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Ọwọ́ òsì ò gbé ẹrù mọ́, torí náà èmi ni mò ń gbé gàrí lọ sọ́jà, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa bá oníbàárà ná an. Ọjọ́ wo ni ṣimió tó kàn fún ìyá ọkọ rẹ? Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa wà ní Kùtọnu fún àyẹ̀wò. Bó bá bọ́ sí i, kọ̀wé sí mi, kí ìyá mi fúnra wọn bá wọn sọ̀rọ̀.