Katakata mi ń rì nínú àkùrọ̀: ṣé omi ni kí n rọ sí táyà, àbí kí n dín afẹ́fẹ́ kù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀ńjíníà. Katakata ni mo fi ń túlẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Lórí ilẹ̀ oníyanrìn, ó ń lọ geere. Tí mo bá wọ àkùrọ̀ ẹ̀bá ọ̀sà báyìí, táyà ẹ̀yìn á máa yí lójú kan. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n rọ omi sínú táyà kó lè wúwo. Fọkanáísà ní kí n jo afẹ́fẹ́ dànù díẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní fásitì ní kọ̀ǹpútà lè bá mi ṣírò rẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, nínú àkùrọ̀, fọkanáísà ni kí ẹ gbọ́ tiẹ̀. Lórí iyanrìn, ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò purọ́.

Ẹ bu iyanrìn gbígbẹ sọ́wọ́, kí ẹ fún un: ṣe ló ń yọ́ jáde láàárín ìka. Ẹrù tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ló ń mú kí hóró rẹ̀ di ara wọn mú. Amọ̀ àkùrọ̀ ní tiẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ o, ẹ ò tẹ̀ ẹ́ o, bó ṣe lẹ̀ mọ́ra náà ló ṣe lẹ̀ mọ́ra. Bí ojú táyà tó kan ilẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó ni ẹ máa rí agbára láti fà níbẹ̀.

Ká ní táyà kan gbé 1,000 kílò, tí ojú tó fi kan amọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 ní ìbú àti 40 ní gígùn. Ká ní amọ̀ náà lè gba 0.2 kílò lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan kó tó ya. Agbára tí táyà yẹn máa rí kò ju 320 kílò lọ. Ẹ dín afẹ́fẹ́ kù kí ojú rẹ̀ gùn dé 60, ó di 480. Ẹ rọ omi 200 kílò sí i dípò ìyẹn, bí 320 náà ló ṣì máa wà, rírì ló máa fi kún un. Lórí iyanrìn tó ń fún yín ní ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ẹrù, 1,000 kílò á mú 600 wá, 1,200 á mú 720 wá.

Ìṣirò tí àbúrò yín ń sọ wà lóòótọ́. M. G. Bekker, ẹ̀ńjíníà ọmọ Poland tó ṣiṣẹ́ ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ tí wọ́n wà lórí òṣùpá ní 1971. Irin pẹlẹbẹ méjì tí ìbú wọn ò dọ́gba ni wọ́n ń tẹ̀ wọ ilẹ̀, wọ́n á wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rì sí, torí pé ìbú nǹkan máa ń yí bó ṣe ń rì padà. Lónìí, kọ̀ǹpútà lè ṣírò ilẹ̀ ní hóró hóró.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà kì í tẹ ẹrẹ̀. Àkùrọ̀ tí ẹ wọ̀n láàárọ̀, tí òjò bá rọ̀ lálẹ́, ilẹ̀ mìíràn ni. Èmi náà ti gbé ìwé ìṣirò dání rì rí! Òkè gbẹ, ó le bíi bísíkíìtì, àfi bó ṣe ya tí a bá ara wa nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Katakata tó wá wọ́ wa jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wa sùn síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò wọ àkùrọ̀ láìkọ́kọ́ fi ọ̀pá irin gún un káàkiri.

Ẹ má dín afẹ́fẹ́ kọjá ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà kọ fún ìwọ̀n ẹrù yín, kí táyà má bọ́ kúrò lára rímù. Tí ẹ bá sì máa bọ́ sí títì, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́ padà.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí táyà ẹ̀yìn. Ẹ gbé irin ìtúlẹ̀ sókè, ẹ jẹ́ kí táyà yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ wọn bó ṣe rìn jìnnà tó. Ẹ tún un ṣe nígbà tó ń túlẹ̀. Tó bá rìn mítà 45 lákọ̀ọ́kọ́, tó wá di 36, ìdá 20 nínú 100 ló ń yí dànù. Èyí tó bá ti kọjá 15, ẹ dín bí irin ṣe ń wọlẹ̀ kù kí ẹ tó fọwọ́ kan afẹ́fẹ́ rárá.