Mo gba ẹ̀bùn ìdíje, mo pàdánù ní kàsínò: ṣé mo lè fi ọ̀kan yọ èkejì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston. Lọ́dún 2025, mo gba ẹ̀bùn nínú ìdíje tí ilé-ìtajà kan ṣe: fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti àga pálọ̀. Wọ́n ní gbogbo rẹ̀ tó $8,000. Mi ò san kọ́bọ̀ kí n tó wọ ìdíje náà. Lọ́dún kan náà mo máa ń lọ sí kàsínò ní Lake Charles. Mo jẹ $3,000 nídìí ẹ̀rọ slot, mo sì pàdánù $11,000. Ẹni tó ń bá mi ṣe ìwé owó orí ní òun máa da gbogbo èrè pọ̀, òun á yọ àdánù kúrò, mi ò ní jẹ ìjọba ní nǹkan kan. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹ tètè pè é, kó má tíì fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí IRS, àjọ tó ń gba owó orí ní Amẹ́ríkà. Mo mọ ìdí tí ìṣirò rẹ̀ fi dùn létí: $8,000 àti $3,000 jẹ́ $11,000, àdánù yín náà jẹ́ $11,000, ló bá ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ọdọọdún, láti oṣù Kejì títí di àárín oṣù Kẹrin, ni wọ́n ń ta ìṣirò yìí fún àwọn èèyàn wa, ó sì ti sú mi.

Ẹ̀bùn ìdíje tí ẹ kò fi owó ta kì í ṣe èrè tẹ́tẹ́. Abala 165(d) nínú òfin owó orí Amẹ́ríkà ní èrè tẹ́tẹ́ nìkan ni a lè yọ àdánù tẹ́tẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Abala 74 ni ti ẹ̀bùn ìdíje, ó sì kà á sí owó tó wọlé, ì báà jẹ́ owó ni wọ́n kà sí yín lọ́wọ́ tàbí fíríìjì ni wọ́n gbé wá. Kódà lórí fọ́ọ̀mù, wọn ò jókòó pọ̀: nínú Schedule 1, ìwé àfikún tí a ń kọ owó mìíràn tó wọlé sí, ìlà 8b ni èrè tẹ́tẹ́ wà, ìlà 8i ni ẹ̀bùn. Ẹ ò lè mú àdánù Lake Charles lọ bá ìlà 8i. Lọ́dún 2004, nígbà tí Oprah Winfrey fún èrò inú sitúdíò rẹ̀ ní ọkọ̀ Pontiac kọ̀ọ̀kan, owó orí ló tẹ̀ lé ọkọ̀ náà délé.

Ohun tí ẹ máa bi ara yín ni pé: ṣé mo fi owó sílẹ̀ kí n tó lè jẹ? Bí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ráfù $20 níbi àpèjẹ ẹgbẹ́, tí ẹ sì fi jẹ ọkọ̀, tẹ́tẹ́ nìyẹn lójú òfin, kódà bó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè fi àdánù kàsínò dojú kọ irú èrè bẹ́ẹ̀. (Owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kì í sì í ṣe ọrẹ. Ẹ yéé kọ ọ́ mọ́ ọrẹ.)

Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ wá kù, ibẹ̀ gan-an ni ọkùnrin yẹn ti ṣìnà jù. A kì í yọ àdánù ọdún lára èrè ká tó kọ ọ́. Gbogbo $3,000 ló máa wọ 8b. Inú Schedule A ni àdánù ń lọ, níbi tí a ti ń ka ìnáwó tí òfin gbà kí a yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí èlé owó ilé, owó orí ilé àti ọrẹ. Àmọ́ ẹni tó bá mú Schedule A ti fi standard deduction sílẹ̀, ìyẹn iye tí ìjọba ń yọ fún gbogbo èèyàn láìbéèrè rìsíìtì. Fún ọdún 2025, $15,750 ni fún àpọ́n, $31,500 fún tọkọtaya tó jọ kọ ìwé pọ̀.

Ká ní ẹ̀yin nìkan lẹ kọ ìwé, tí èlé ilé àti ọrẹ yín jẹ́ $9,000. Ẹ fi àdánù tẹ́tẹ́ kún un: kì í ṣe $11,000 o, $3,000 péré, torí àdánù kò gbọ́dọ̀ ju èrè lọ. Ó di $12,000. $15,750 ṣì jù ú lọ, nítorí náà òun lẹ máa mú, àdánù tẹ́tẹ́ yín ò sì wúlò fún nǹkan kan. $8,000 tó kù nínú àdánù náà ti lọ nìyẹn, ẹ ò lè gbé e wọ ọdún tó ń bọ̀. Bí owó oṣù yín bá wà ní ìpele owó orí 22%, $11,000 tó wọlé (ẹ̀bùn $8,000 àti èrè tẹ́tẹ́ $3,000) á mú owó orí bíi $2,420 wá. Ká tiẹ̀ ní ìnáwó yín ti tó $14,000 tẹ́lẹ̀, $17,000 ló máa di, èrè tí ẹ máa rí ju standard deduction lọ ò ju $1,250 lọ. Gbogbo $11,000 náà á sì ṣì hàn nínú AGI yín, ìyẹn àpapọ̀ owó tó wọlé kí a tó yọ standard deduction, tí wọ́n fi ń wo owó ìrànwọ́ ìbánigbófò ìlera Marketplace àti FAFSA, fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ ilé-ìwé, àwọn ọmọ.

Láti ọdún 2026 ó tún le sí i. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 2025 ní 90% àdánù nìkan la lè kà. Ẹni tó bá jẹ $10,000, tó sì pàdánù $10,000, máa san owó orí lórí $1,000 tí kò sí lápò rẹ̀, àfi bí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì bá yí i padà.

Ibi tí ẹ ti lè rí ìtura ni iye ẹ̀bùn náà. Ilé-ìtajà máa fi fọ́ọ̀mù 1099-MISC ránṣẹ́ sí ẹ̀yin àti IRS, iye náà á sì wà nínú àpótí 3. Wọ́n sábà máa ń kọ iye orí lébẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ iye tí ọjà ń gbé e gan-an ni òfin fẹ́. Bí irú fíríìjì yẹn bá ń lọ ní $1,900 ní ṣọ́ọ̀bù méjì lọ́sẹ̀ tí ẹ gbà á, tí wọ́n sì kọ $2,600, ẹ ya fọ́tò iye náà pẹ̀lú déètì, kí ẹ kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n tún fọ́ọ̀mù ṣe. Ẹ má kàn kọ iye tó kéré láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà IRS máa fi méjèèjì wéra, lẹ́tà CP2000, tó ń sọ pé iye tí ẹ kọ yàtọ̀ sí tiwọn, á sì dé. Bí fọ́ọ̀mù ò bá sì wá, owó orí náà ṣì wà.

Ẹni tó bá fẹ́ ka àdánù gbọ́dọ̀ ní ìwé àkọsílẹ̀ tó ń kọ lọ́jọ́ náà gan-an: "Oṣù Kẹfà ọjọ́ 14, Lake Charles, orúkọ kàsínò, slot, owó tí mo mú jókòó $200, owó tí mo mú dìde $60, àdánù $140." Ẹ so rìsíìtì ATM mọ́ ọn. Ìwé win/loss (àkópọ̀ èrè àti àdánù) tí kàsínò ń tẹ̀ lópin ọdún kò tó lóun nìkan. Tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì tí àwọn kan ń ṣà nílẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀rí, èrú ni.

Texas kò gba owó orí lórí owó tó ń wọlé fúnni, ṣùgbọ́n Louisiana ni Lake Charles wà, wọ́n sì ń retí ìwé lọ́dọ̀ àlejò tó jẹ níbẹ̀. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1, tí òfin owó orí ò tíì kà sí olùgbé, òfin tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: 30% lórí èrè slot, kò sí yíyọ àdánù. Mi ò tíì rí ìwé yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí CPA (oníṣirò owó tó ní ìwé àṣẹ) tàbí enrolled agent (aṣojú tí IRS fún ní ìwé àṣẹ) yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

Ẹnikẹ́ni ò yọ owó orí sílẹ̀ lára fíríìjì, nítorí náà ẹ wá owó náà sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 2026. Bí owó ò bá pé, ẹ ṣáà fi ìwé ránṣẹ́ lásìkò: ìtanràn àìfi-ìwé-ránṣẹ́ jẹ́ 5% lóṣooṣù, ti àìsanwó jẹ́ 0.5%. Ẹ sì bi ọkùnrin yẹn bóyá ó máa buwọ́ lu ìwé náà, kó kọ nọ́mbà PTIN rẹ̀, tí IRS fi ń dá àwọn tó ń ṣe ìwé owó orí mọ̀, sí i, bí òfin ṣe ní kí ẹnikẹ́ni tó ń gbowó iṣẹ́ yìí ṣe. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀, ẹ gba ìwé yín lọ́wọ́ rẹ̀.