Ṣé A Lè Pa Hítà Bí A Bá Ti Ilé Iṣẹ́ Nígbà Òtútù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni mò ń bójú tó: ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀, ọ́fíìsì wà lókè, páìpù omi apaná sì gba inú àjà kọjá káàkiri. A fẹ́ ti ilé náà fún ọjọ́ mélòó kan nínú òtútù líle yìí, onílé sì ní kí n pa hítà nítorí owó iná. Ṣé kò séwu?

Ìdáhùn: Ewu wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á. Ẹ lè dín in kù, ṣùgbọ́n ibikíbi tí páìpù omi bá gbà kò gbọdọ̀ tutù ju nǹkan bí dígírì 4 Celsius lọ. Ohun tí NFPA 25, ìlànà àbójútó páìpù omi apaná ní Amẹ́ríkà, sọ nìyẹn.

Bí omi bá dì, ó máa ń fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 tóbi sí i, páìpù ò sì lè gbà á. Yìnyín lè dí ojú páìpù pa, tó fi jẹ́ pé bí iná bá sọ, omi ò ní dé ibẹ̀ rárá. Ó sì lè sán páìpù, kó má jò títí òtútù yóò fi rọlẹ̀. Ìgbà tí yìnyín bá yọ́ ni omi á tú sórí ọjà.

Ohun tó ń ká mi lára jù ni pé tẹmómítà ara ògiri ọ́fíìsì nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò. Kò lè sọ bí òtútù ṣe rí lábẹ́ òrùlé, lẹ́yìn ògiri tó kọjú síta, tàbí nínú yàrá tí fáàfù wà. Ẹ ṣí pákó àjà kan, ẹ gbé tẹmómítà kékeré síbẹ̀, kí ẹ sì lọ wò ó ní ìdájí, nígbà tí òtútù máa ń mú jù. Bí atẹ́gùn bá ń gba ihò tí àwọn oníwáyà lu sílẹ̀ wọlé, ẹ dí i.

Bó bá jẹ́ páìpù tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ dípò omi ni tiyín, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ náà ń di omi, á sì gbárajọ síbi tí páìpù ti rẹlẹ̀ jù. Kí oníṣẹ́ fà á dànù kí òtútù tó le.

Bó bá ti dì, ẹ má fi iná gáàsì yọ́ ọ láé. Irú rẹ̀ ti jó ilé. Ẹ pe oníṣẹ́, kí ẹ sì sọ fún panápaná pé páìpù ò ṣiṣẹ́. Bí yóò bá wà bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 10 lọ nínú 24, ìlànà NFPA 25 yẹn ní kí ẹ kó èèyàn jáde tàbí kí ẹ yan ẹnì kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa yí ilé po wá iná.

Ohun mìíràn ni pé bí ilé bá tutù jù, àwọn òṣìṣẹ́ tó bá wọlé á gbé hítà kékeré sábẹ́ tábìlì. Kó jìnnà sí ìwé àti aṣọ ní mítà kan, kí wọ́n sì ki wáyà rẹ̀ bọ ihò iná ara ògiri tààrà, kì í ṣe ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n. Jẹnẹrétọ̀ ní tiẹ̀, ìta ló ń gbé, ó kéré tán mítà 6 sí ilé.

Ẹ kó yìnyín kúrò lẹ́nu gbogbo ilẹ̀kùn àbájáde títí dé ojú ọ̀nà, pàápàá èyí tó ń ṣí síta, àti lẹ́nu ihò tí èéfín hítà ń gbà jáde, kí gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide má baà padà sínú ilé. Kí ẹnì kan sì máa wá wo ilé náà lójoojúmọ́ títí ẹ óò fi ṣí i.