Ìdí tí tíṣà fi fagi lé "My mother is selling fish"

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè ẹ tán, mo tún un kà. O ní tíṣà fagi lé "My mother is selling fish at Oluwo" (ọjà ẹja tó wà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ níbí) nínú essay tó o kọ nípa àwọn òbí ẹ, ó tún fagi lé "My father drive a boat", ó tún fagi lé "When my father will come back" nísàlẹ̀, ó kàn ní kó o lọ ka simple present, ó tán. O wá ń béèrè pé kí ló burú níbẹ̀, ṣebí ìyá ẹ ṣì ń ta ẹja títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ìbéèrè gidi ni o. Màá dá ẹ lóhùn dáadáa torí Éńgílíṣì yìí náà ló dá èmi dúró lẹ́nu géètì yunifásítì nígbà táwọn ẹgbẹ́ mi ń wọlé, kò sì sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi lọ́nà tó yé mi, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń tú u fúnra mi títí ó fi já. Ní báyìí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ níbí l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ohun tó sì ń dà wọ́n láàmú ò yàtọ̀ sí tìẹ.

Ohun tó kọ́kọ́ ń tan èèyàn ni orúkọ yẹn, present. Èèyàn á gbọ́ ọ, á rò pé ohun tó ń lọ lọ́wọ́ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣíṣe, bíi ká tajà, ká wakọ̀, ká sebẹ̀, "máa ń" tiwa yìí gan-an ni simple present. Ibi tó ti ń dàrú mọ́ wa lójú ni pé "ń" kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ méjì nínú Yorùbá. Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé iṣẹ́ wo ni ìyá ẹ ń ṣe, wàá ní wọ́n ń ta ẹja. Tí ẹnì kan bá tún pe fóònù pé kí ni wọ́n ń ṣe báyìí tí wọn ò gbé ìpè òun, wàá ṣì ní wọ́n ń ta ẹja. Gbólóhùn kan náà. Òyìnbó ò gbà bẹ́ẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì lọ́dọ̀ tiwọn.

Nǹkan tí mo máa ń ní káwọn ọmọ ṣe rèé. Kó o tó kọ ọ́, sọ ọ́ ní Yorùbá lọ́kàn ẹ, fi "lọ́wọ́" sí i nídìí, kó o yọ ìyẹn, kó o wá fi "máa ń" sí i láàárín, wo èyí tó bá ohun tó o ní lọ́kàn mu. Èyí tó bá gba "lọ́wọ́", òun ló ni is selling. Èyí tó bá gba "máa ń", òun ló ni sells. Wò ó báyìí: aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù, tapólì ti wà lórí àtẹ, ìyá ẹ ti sùn nílé. Ṣé wọ́n ń ta ẹja lọ́wọ́? Rárá. Ṣé wọ́n máa ń ta ẹja? Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo Olúwo ló mọ̀ wọ́n mọ́ ọn. Torí náà "My mother sells fish at Oluwo" jóòótọ́ láago mọ́kànlá alẹ́, "My mother is selling fish" ò jóòótọ́. Èyí tí tíṣà ẹ fẹ́ gan-an nìyẹn, torí iṣẹ́ wọn lo fẹ́ kó mọ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn.

Má sì rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́, ọmọ tó mọ jẹnẹrétọ̀ tú tó sì mọ̀ ọ́n tò, lọ ṣe íntáfíù níléeṣẹ́ kan lápá Ìbẹ́jú, wọ́n bi í pé What do you do, ó ní I am repairing generators. Ẹni tó ń bi í wá bi í pé tó bá parí ìyẹn ńkọ́, kí ló fẹ́ ṣe. Létí ẹni yẹn, ó dún bí nǹkan tí ọmọ yẹn kàn ń fi di ìgbà mú, kì í ṣe iṣẹ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. "I repair generators" ni ì bá sọ, ìyẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ nìyẹn, tí wọ́n bá jí ẹ lóru wàá ṣe é. Ó dùn mí wọra, torí ọmọ yẹn mọṣẹ́.

Ohun tó bá jẹ́ òótọ́ ìgbà gbogbo náà, ibẹ̀ ló ń bọ́ sí. Water boils at 100 degrees. The sun rises in the east. Epe lies on the Lekki Lagoon. Kò sí wàhálà púpọ̀ níbẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí kì í ṣe iṣẹ́ ṣíṣe ló tún yàtọ̀ díẹ̀: mọ̀, fẹ́, ní, gbàgbọ́. Kò sí Yorùbá tó máa ní "mò ń mọ̀ ọ́n" tàbí "mò ń ní ṣọ́ọ̀bù". (Tẹ́nì kan bá ní òun ń fẹ́ ọmọkùnrin kan, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìyẹn, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.) Bó ṣe rí lẹ́nu wa náà ló rí lẹ́nu wọn: I know her, I want water, she has a shop, kò sí ing níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra fún gbọ́, rí, àti yé o, torí àwa máa ń fi "ń" sí àwọn ìyẹn, mò ń gbọ́ ẹ, mò ń rí i, ṣó ń yé ẹ, ibẹ̀ sì ni I am hearing you, I am seeing it, are you understanding ti ń jáde lẹ́nu wa, àtẹnu àwọn tíṣà míì pàápàá. I can hear you, I can see it, do you understand ni kó o máa sọ.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ s, ibi tó ti ń ká èèyàn mọ́ jù. Nínú Yorùbá, mo tà, o tà, ó tà, a tà, wọ́n tà, ọ̀rọ̀-ìṣe ò mira rárá. Nínú simple present, tá a bá yọ am, is, are sílẹ̀, ibì kan péré ló ti ń mira: he, she, it, tàbí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tàbí nǹkan kan ṣoṣo tó dúró sípò wọn. I sell, you sell, we sell, they sell, ṣùgbọ́n she sells. Gbogbo ìwé ló sọ èyí, o sì ti há a sórí, mo mọ̀. Ohun tí ìwé ò sọ fún ẹ ni ìdí tó fi ń bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ tó o bá ti ń kọ̀wé nípa àwọn òbí ẹ.

Ọ̀wọ̀ ni. Mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo wá rí i pé ọmọ kan náà tó kọ "My younger brother plays football" tí gbogbo ẹ̀ pé, lórí ìlà tó tẹ̀ lé e gan-an, á kọ "My father go to the lagoon every night". Mo wo ti ẹlòmíì, bákan náà. Àbúrò gba s, bàbá ò gbà á. Ó wá yé mi pé ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ò lè pe bàbá ẹ̀ ní "ó" láyéláyé, "wọ́n" ni, nítorí náà kó tó mú bírò, ọkàn ẹ̀ ti sọ bàbá di púpọ̀, they go, ó wá yọ s kúrò láìmọ̀. Ibẹ̀ náà la ti ń gbọ́ "My mummy said they are not around" nígbà tó jẹ́ ìyá nìkan ló jáde. Àbúrò mi, kò sírú ọ̀wọ̀ yẹn nínú gírámà wọn. Kábíyèsí, he. Bàbá ẹ, he. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá, he. My father drives a boat, s yẹn ò bú bàbá ẹ, kò sì sẹ́ni tó máa kà á tó máa ní o ò lẹ́kọ̀ọ́. Tó o bá ti kọ essay tán, padà sókè, fa ìlà sábẹ́ father, mother, grandmother, uncle, gbogbo àwọn àgbà tó o dárúkọ, kó o wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ lo ti máa rí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó bọ́.

Ìdí kejì wà létí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí síbi s, ìdí nìyẹn tí bus fi di bọ́ọ̀sì tí class fi di kíláàsì lẹ́nu wa, a máa ń wá fáwẹ̀lì tì í lẹ́yìn. Tí s bá wá wà ní ìparí sells tàbí drives, tí kò sí fáwẹ̀lì tó máa gbé e ró, ẹnu wa á kàn fò ó, èyí tẹ́nu bá sì ti ń fò, ọwọ́ náà á fò ó. Máa kà á sókè, fi fóònù gba ohùn ẹ sílẹ̀, kó o gbọ́ ọ padà bóyá s yẹn dún. Lẹ́yìn works, eats, stops, s gidi ló ń dún, ṣùgbọ́n ní sells, drives, goes, z ló ń dún, ìyẹn tá ò sì ní nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, fi ahọ́n sípò s, kó o jẹ́ kí ọ̀fun gbọ̀n sí i. Washes àti catches ní tiwọn á fi ègé ọ̀rọ̀ kan kún un.

Sípẹ́lì ò le: wash, washes, catch, catches, go, goes, dry, dries, ṣùgbọ́n buy, buys, torí fáwẹ̀lì ló wà níwájú y. Have á di has.

Does ni kó o fojú sí. S yìí, ẹrù orí kan ni, ẹni méjì kì í rù ú. Tí does bá ti gbé e, ọ̀rọ̀-ìṣe ò gbọdọ̀ gbé e mọ́. Does she sell fish? She doesn't sell meat. Àwọn tó ti ń mọ̀ ọ́n bọ̀ gan-an ló máa ń kọ "she doesn't sells", torí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù kí s má bọ́. Can, will, must náà ò fẹ́ s lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, she can swim.

Tún wo ẹni tó ṣe nǹkan yẹn gan-an dáadáa, torí WAEC àti JAMB fẹ́ràn ibẹ̀. One of my sisters lives in Badagry, ẹnì kan ló ń gbébẹ̀. The price of crabs rises, iye owó ló ń ga, kì í ṣe alákàn. Each of the women has a stall. Àmọ́ the women sell, torí wọ́n pọ̀. S ara orúkọ àti s ara ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ wọn. Nínú essay WAEC, máàkì 10 nínú 50 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gírámà, sípẹ́lì àti àmì, ìdajì máàkì ni àṣìṣe kọ̀ọ̀kan sì ń mú lọ, nítorí náà ẹni tí s ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ jákèjádò ojú ewé kan ti fi máàkì yẹn sílẹ̀ fún wọn.

Èyí tó kù ni "When my father will come back" yẹn. Yorùbá ẹ gan-an ló máa gbà ẹ́ níbẹ̀. Bó o bá fẹ́ sọ ọ́ nílé, wàá ní "tí bàbá mi bá dé, wọ́n á fún mi lówó". Apá "tí bá" yẹn ò ní "á" tàbí "yóò" nínú, apá kejì nìkan ló ní in. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn: When my father comes back, he will give me the money. Comes, pẹ̀lú s, torí bàbá ni he. Bákan náà ni if, before, until àti as soon as. Ohun tí wọ́n bá sì ti fi àkókò sí sílẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi tàbí ìdánwò, o lè fi simple present sọ ọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀la: The boat leaves at six tomorrow, the exam starts on Monday.

Tún essay yẹn kọ látòkè délẹ̀, má kàn ṣàtúnṣe sórí èyí tó fagi lé, kó o gbé e síbí. Màá kà á.